Ayò Ọjọ́ Ọjà

Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni Àpọ́nlé kọ́kọ́ rí. Ó jókòó lábẹ́ igi odán níwájú àgọ́ àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo inú kànga. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lókè ọpọ́n ayò, kò tíì pinnu ibi tí yóò bà sí.

Àpọ́nlé béèrè bóyá òun ni Bọ̀ọ̀dá Ládòkun. Ó ní ìyá òun ló rán òun wá gba aṣọ láti Ìwéré-Ilé, òní ni wọ́n sì dá fún àwọn.

"Mo ń bọ̀," ọkùnrin náà dáhùn láì wẹ̀yìn. "Ọ̀kan péré yìí ló kù."

Àpọ́nlé wo òfì rẹ̀. Aṣọ náà wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, ó ku díẹ̀ kó parí, òwú ń fì lára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ọ̀kan péré náà parí, wọ́n tún ọmọ ayò tò, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Oòrùn yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Bí mọ́tò Ìwéré tó gbẹ̀yìn bá lọ, gáréèjì ni yóò sùn.

Àdìgún, ahunṣọ tí wọ́n jọ ń ta ayò náà, ṣàánú rẹ̀. "Arábìnrin, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀kan péré Ládòkun yìí, ó ti bímọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ." Ó yí padà sí Ládòkun, ó bú u bí àwọn aláyò ti ń bú ara wọn. "Òpè, ṣé ọwọ́ yẹn fẹ́ bà ni, àbí ibẹ̀ ló fẹ́ sùn sí?"

Ohun tó mú Àpọ́nlé sọ̀rọ̀, bóyá ìbínú ni, bóyá oòrùn ni. Ó ti wo ọpọ́n náà pẹ́ débi pé ó ti rí i.

"Ilé karùn-ún," ó wí.

Obìnrin kì í dá sí ayò lábẹ́ igi odán yẹn. Ọwọ́ Ládòkun bà lé ilé karùn-ún, ó kó ọmọ inú rẹ̀, ó ń gbìn wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí èyí tó gbẹ̀yìn bọ́ sí, ó jẹ, ó tún jẹ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àdìgún gbé ọwọ́ lérí.

Ìgbà yẹn ni Ládòkun tó wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ tutù ju bí Àpọ́nlé ti rò lọ.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi."

"Wọ́n á mọ̀ ọ́n ta gan-an."

"Wọn ò ta á mọ́," Àpọ́nlé dáhùn, ohùn rẹ̀ sì pa ìbéèrè yòókù.

Ládòkun dìde. Ó lọ jókòó sídìí òfì, kò gbórí sókè títí aṣọ náà fi parí. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún un, tó sì sìn ín dé gáréèjì. Bí mọ́tò ti ń lọ, Àpọ́nlé rí i pé ó ṣì dúró níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Ládòkun ti ń wá sí ọjà Ìwéré. Ó ní òwú lòun ń wá rà. Àwọn obìnrin ọjà rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tó kúrò ní Ìsẹ́yìn wá ra òwú ní Ìwéré rí. Yóò ra iṣu méjì, yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí tí Àpọ́nlé ti ń ṣiṣẹ́, títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń rántí gbogbo ohun tí Àpọ́nlé bá sọ. Lọ́jọ́ kan ó pè é ní Àbíkẹ́, oríkì tí ìyá rẹ̀ nìkan fi ń pè é. Ọkàn Àpọ́nlé yọ́. Ó mọ̀ pé òun ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó mọ ohun tí ayò ṣe nílé wọn.

Ọmọ ilé ìwé ni nígbà náà. Ọyẹ́ mú, koríko gbẹ, bàbá rẹ̀ Ọ̀ṣẹ́nì wà nídìí ọpọ́n. Ẹnì kan sáré wá sọ fún un pé èéfín ń rú lápá oko rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ní òun ń bọ̀, ọ̀kan péré ló kù. Nígbà tó débẹ̀, iná ìgbẹ́ ti jó àká iṣu rẹ̀ tán, àti èyí tí wọn ì bá jẹ àti èyí tí wọn ì bá gbìn. Láti ọyẹ́ títí iṣu tuntun fi dé, láfún ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, àwọn àgbà á ní ebi kò pa àwọn. Ìyá rẹ̀ ta ìró rẹ̀, ó ku èyí tó wà nídìí. Àpọ́nlé fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń ru igi tà. Ìgbà tó dàgbà ló tó lọ ka ìwé tó kù ní ilé ìwé alẹ́, láàárín àwọn tó lè bí i lọ́mọ, kó tó rí iṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí.

Láti ọjọ́ iná náà, Ọ̀ṣẹ́nì kò fọwọ́ kan ọmọ ayò mọ́. Ó sì ti sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí pé ọkùnrin tí kò lè dìde nídìí ọpọ́n kò ní fẹ́ ọmọ òun.

Àpọ́nlé sọ gbogbo èyí fún Ládòkun. Ládòkun ṣèlérí. Wọ́n dájọ́ tí yóò wá fojú han bàbá rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ, Ìyá Àpọ́nlé gún iyán.

Lọ́jọ́ náà, Ládòkun tètè dé gáréèjì Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n mọ́tò kò tíì kún. Àwọn awakọ̀ ń ta ayò lábẹ́ ibòji. Ó ní kí òun kàn wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní kí òun ta ọ̀kan péré. Mọ́tò kún, ó lọ. Èkejì kún, òun náà lọ. Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì ló tó dé Ìwéré, aṣọ tó hun fúnra rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, eruku bò ó. Àwọn àgbà ti túká. Iyán ti gan.

Ọ̀ṣẹ́nì kò bínú. Ìyẹn ló dun Àpọ́nlé jù. Ó kàn béèrè ohun tó dá a dúró, Ládòkun kò sì lè parọ́.

"Ọmọ mi, mo mọ ọ̀nà tí o gbà wá," Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Èmi náà ti rìn ín. Máa lọ ilé."

Ó pẹ́ kí Àpọ́nlé tó gbà kí Ládòkun tún bá òun sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbà, ìta ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n dúró sí.

"Kí ló wà nínú nǹkan yẹn gan-an, Bọ̀ọ̀dá?" ó béèrè. "Ẹ má parọ́ fún mi."

Ládòkun ronú títí. "Tí mo bá wà nídìí ọpọ́n, kò sẹ́ni tó ń lé mi. Oníbàárà ń sáré, òwú ń wọ́n, ṣùgbọ́n ọpọ́n á dúró dè mí títí màá fi ronú tán. Tí mo bá wá kó ilé kan, mo ti gbin ohun kan tí màá fẹ́ rí lẹ́yìn tí ẹnì kejì bá ta tirẹ̀. Kí ìyẹn tó so, mo ti gbin òmíràn. Kò sígbà tí kò sí èyí tó kù díẹ̀ kó pọ́n."

"Tí wọ́n bá wá jẹ yín ńkọ́?"

"Ìyẹn ló le jù. Òjò lè kọ̀, òwú lè já, n kò ní mọ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ayò, mo mọ ibi tí mo ti ṣì í gan-an. Ilé kẹta ni mo kó, ilé kẹrin ló yẹ kí n kó. Màá wá ní kí n tún un ṣe. Ọ̀kan péré."

Àpọ́nlé kò lè bá a jà, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ náà mọ ohun tó ń sọ. Ó tún mọ̀ pé bàbá òun, tó jáwọ́ tipátipá, ṣì ń yíjú sápá kejì bó bá ń kọjá níwájú àwọn tó ń ta ayò.

"Mi ò ní ní kí ẹ jáwọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi nìkan ni kí ẹ máa bá ta. Kí kálukú wa ní ọpọ́n nílé. Lọ́jọ́ ọjà yìí, ẹ ta ilé kan, ẹ rán awakọ̀ sí mi. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, èmi náà á ta ilé kan."

"Òkèlè kan láti ọjà dé ọjà, Àbíkẹ́. Ebi á pa mí."

"Tí ẹ bá lè dúró de òkèlè yẹn, ẹ lè dúró de bàbá mi."

Ìyápọ̀, tó ń wa mọ́tò láti Ìsẹ́yìn gba Òkèihò lọ sí Ìwéré, ni wọ́n bẹ̀. Ó ní òun ti gbé ewúrẹ́, òun ti gbé ìyàwó, òun ti gbé òkú, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbé ayò rí. Kò pẹ́ tí àwọn èrò inú mọ́tò náà fi mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á máa jiyàn títí dé Òkèihò lórí ilé tó yẹ kí ọmọbìnrin náà kó.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ ń yún Ládòkun. Àdìgún á na ọmọ ayò sí i láti abẹ́ igi, á ní ọ̀ta, olórí aláyò Ìsẹ́yìn, ti dẹni tó ń bá afẹ́fẹ́ ta ayò. Ládòkun á fa òwú rẹ̀ le. Ó ń ronú ilé tí yóò kó bó ti ń hun, aṣọ sì ń jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lábẹ́ odán, ayò ni í dá a dúró. Nídìí òfì, ó ń dúró de ayò.

Àpọ́nlé rò pé òun ló di okùn náà mú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà, ó ti máa ń wà ní gáréèjì kí mọ́tò tó yọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé omi sórí iná, àwọn irinṣẹ́ ìgbẹ̀bí sì ń hó lọ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Florence, ọ̀gá rẹ̀, bá a níbi tó ti ń fi ìka ka nǹkan lára ògiri.

"Àpọ́nlé, ta lo ń rò?"

"Mà, ilé kẹfà ni," ó dáhùn, ojú sì tì í.

Òjò àkọ́rọ̀ ló tú àṣírí náà. Òrùlé yàrá Àpọ́nlé ń jò, bàbá rẹ̀ sì wọlé láti gbé ẹrù kúrò lójú omi. Nígbà tí Àpọ́nlé dé láti ibi iṣẹ́, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọpọ́n náà. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó di wọ́n mọ́ra.

"Ta lo ń bá ta?"

Àpọ́nlé kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí kí bàbá rẹ̀ da ọpọ́n náà nù. Ọ̀ṣẹ́nì kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Kí ló ta gbẹ̀yìn?"

"Ó kó ilé kejì, Bàbá."

Ọ̀ṣẹ́nì wo apá ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ilé mẹ́ta tò lé ara wọn níbẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú wọn. Ká ní ilé karùn-ún ni ọkùnrin náà kó, yóò jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ayò náà yóò sì parí.

"Ṣé òpè ni?"

"Ọ̀ta ni. Gbogbo Ìsẹ́yìn ló mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀ta rí oúnjẹ yìí, ó sì mójú kúrò." Ó wo apá kejì, ó rí ibi tí ọmọ òun náà ti ní oúnjẹ tí kò jẹ. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì ò ta ayò. Ẹ kàn ń kí ara yín ni."

Òjò ń rọ̀.

"Èmi fi iṣu ọdún kan jẹ ọmọ ayò mẹ́ta," ó wí. "Sọ fún un kó wá lọ́jọ́ ọjà. Bí oòrùn bá kan àtàrí kó tó dé, kó padà."

Ládòkun kò gbẹ́kẹ̀ lé gáréèjì. Ó ti kúrò ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sùn ní Òkèihò. Òun àti àwọn tó ń pàtẹ ọjà ni wọ́n jọ wọ Ìwéré láàárọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ọ̀ṣẹ́nì.

"Kí ló dé tí o kò jẹ ẹ́?" Ọ̀ṣẹ́nì béèrè.

"Bàbá, tí mo bá jẹ ẹ́, ayò á parí. Kí ni Ìyápọ̀ á wá máa gbé bọ̀ fún mi?"

"O ò tíì jáwọ́ nígbà náà."

"Mi ò tíì jáwọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo ti lè dìde."

Ọ̀ṣẹ́nì wo ilẹ̀. Ìyá Àpọ́nlé yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Àpọ́nlé, ẹ dá a lóhùn. Ọmọ ọlọ́mọ ti dọ̀bálẹ̀ pẹ́."

"Dìde," Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Lọ mú àwọn èèyàn rẹ wá."

Ìgbà tí wọ́n kó iṣu tán ni wọ́n ṣe ìyàwó, lọ́dún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ládòkun ló hun aṣọ tí Àpọ́nlé ró. Bàbá rẹ̀ sìn ín dé ẹnu mọ́tò, ó kàn ń tún ẹrù rẹ̀ tò, ó ń tún un tò.

Wọ́n kò tíì pẹ́ ní Ìsẹ́yìn tí Ìyápọ̀ fi dúró níwájú àgọ́ àwọn ahunṣọ. Ó ní Bàbá Ìwéré rán òun.

"Ó ní kí n sọ fún òpè àna òun pé òun ti to ọmọ ayò, òun sì ti kó ilé kẹrin. Ó ní kó má yára o. Òun lè dúró di ọjọ́ ọjà."

Kò sẹ́ni tó lè bú àna rẹ̀ padà lórí ayò. Ládòkun bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eruku, níwájú Ìyápọ̀. Ìyápọ̀ sún sẹ́yìn, ó ní òun kọ́ ni bàbá ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi gbé e lọ bẹ́ẹ̀," Ládòkun wí.

Àpọ́nlé ti wọlé lọ gbé ọpọ́n. Ó jókòó síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú. Lẹ́yìn náà ó gbé e jáde, ó to ọmọ ayò, ó gbin ti bàbá rẹ̀ yí po.

Ládòkun jókòó tì í. "Èwo ni ká kó, Àbíkẹ́ mi?"

"Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀," ó wí. "Ọjọ́ ọjà ṣì jìnnà."