Ta Ló Tẹ̀lé Ẹ̀rọ Ìgbìn Lẹ́yìn?

Láràárọ̀, kí obìnrin yìí tó gbé omi kaná, ọkọ rẹ̀ á ti bi í láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ṣé ó ti ń hù?"

Òun náà á dáhùn pé, "Ó ń bọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ẹsẹ̀ ọkọ náà kán lóṣù tó kọjá, nígbà tó já bọ́ láti orí àká. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dì í láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò lè dá dé ẹnu ọ̀nà, ká má tíì sọ ti oko. Àgbàdo oko yẹn ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ń jẹ láti ìkórè dé ìkórè. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti gbìn ín, obìnrin náà sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Lóko, ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́ hù dáadáa, ó tò bí irun tí wọ́n fi òòyà pín. Láti ìlà kẹsàn-án ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Nígbà tí obìnrin náà fi dé ìlà kejìlá, ó rin ìṣísẹ̀ ogún láìrí ewé kan. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà, bóyá ojú ló ń ṣe é. Mẹ́rìndínlógún nínú ìlà mẹ́rìnlélógún ló já tàbí tó ṣófo. Tí wọn ò bá tún un gbìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òjò á ti lọ kí àgbàdo tó yọmọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló wa katakata lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín. Bọ̀dá Sípánà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ẹ̀rọ tó rí tí kì í tú. Òun ló lọ yá ẹ̀rọ ìgbìn tuntun lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí ògbólógbòó tó wà nílé sinmi.

"Ẹyẹ ni," ni Bọ̀dá wí nígbà tó dé oko.

"Ẹyẹ wo, Bọ̀dá? Ẹyẹ tó bá hú u á fi ihò sílẹ̀."

"Èèrà ńkọ́?"

"Mo po eérú mọ́ irúgbìn kí èèrà má bàa gbé e. Ẹ̀yin náà rí mi."

"Á jẹ́ pé irúgbìn yẹn ni kò dáa. Ìyàwó, ká sọ pé ẹ̀rọ àtijọ́ lò ń fura sí, mo gbọ́. Èyí tí ọ̀dà ara ẹ̀ ò tíì họ? Ó tì o."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó fi ìka wa ilẹ̀ níbi méje. Kò rí hóró kan, kò rí èèpo. Ìgbà yẹn ló wá rántí irúgbìn tó ṣẹ́kù nínú àpótí ẹ̀rọ, tó pọ̀ ju ààbọ̀ àpò lọ. Lọ́jọ́ yẹn ńṣe ni wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ tuntun mà mọ nǹkan ṣọ́ lò o. Kò sẹ́ni tó jẹ irúgbìn náà. Wọn ò gbìn ín rárá ni.

Ó gba ọ̀nà ọ́fíìsì obìnrin tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ lọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Àgbẹ̀. Lójú ọ̀nà, ohun tí àwọn ọmọ máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀ ló ń rò ṣáá, tó fi rìn kọjá ilé náà kó tó padà. Àǹtí Àgbẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ó sì ti ìwé tó ń kọ sápá kan.

"Ẹ̀rọ yẹn wà ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹgbẹ́. Ẹ ní kí Bọ̀dá fa ti àtijọ́ wá pàdé wa níbẹ̀. Ẹ gbé irúgbìn tó kù náà dání."

Ní ṣẹ́ẹ̀dì, Àǹtí Àgbẹ̀ tú ìdérí ẹ̀rọ tuntun, ó sì yọ àwo pẹrẹsẹ kan jáde.

"Ẹ wo àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó yí i ká. Atẹ́gùn ló ń fa hóró kọ̀ọ̀kan mọ́ ihò, kó tó jù ú sílẹ̀. Ẹ wo nǹkan funfun tó dí wọn pa. Eérú tó gba ọ̀rinrin nìyẹn. Ta ló pò ó mọ́ ọn?"

Bọ̀dá gbójú sókè, ó ń wo òrùlé.

"Èmi ni, mà," ni obìnrin náà wí. Ojú tì í gan-an. "Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Ọdún mọ́kànlá la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe ti àtijọ́ ní nǹkan kan."

"Kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ihò tiẹ̀ tóbi, kò sì lo atẹ́gùn. Ohun tí kò yé mi ni ti aago. Tí irúgbìn ò bá ti já bọ́, ẹ̀rọ yìí máa ń ké."

"Ó ké," ni Bọ̀dá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo yọ wáyà ẹ̀. Mo rò pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Gbogbo nǹkan ayé ìsinsìnyí ló ń ké. Fóònù ń ké, ọkọ̀ ń ké, ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ló kù."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu Àǹtí Àgbẹ̀, ó gbé e mì. Obìnrin náà ò rí ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ká kúkú padà sí ti àtijọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká dán méjèèjì wò ná."

Wọ́n jọ sẹ́ eérú kúrò lára irúgbìn, wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àwo ti tuntun, Bọ̀dá sì dá wáyà aago padà. Lẹ́yìn náà wọ́n na okùn mítà mẹ́wàá sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì. Hóró ogójì ló yẹ kó bọ́ síbẹ̀. Ti àtijọ́ ló kọ́kọ́ kọjá. Wọ́n wa ilẹ̀, wọ́n ka hóró mẹ́tàléláàádọ́ta: mẹ́ta níbì kan, òfo níbòmíràn. Àwo inú rẹ̀ ti jẹ, ihò rẹ̀ sì ti fẹ̀. Ti tuntun kọjá, wọ́n ka mọ́kàndínlógójì, ó sì tò létòlétò.

"Tẹ́ ẹ bá fi ti àtijọ́ gbìn ín, irúgbìn yìí á tán ní nǹkan bí ìlà kejìlá," ni Àǹtí Àgbẹ̀ wí. "Ti tuntun lè kárí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, àmọ́ kò gba ìdọ̀tí, kò sì fẹ́ kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ àwo ti àtijọ́, òun náà ṣì máa ṣiṣẹ́ fún yín."

Nírọ̀lẹ́, obìnrin náà jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Ta ló tẹ̀lé ẹ̀rọ lẹ́yìn?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Kò sẹ́nì kankan."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìlà méjì-méjì ni mo máa ń wa ilẹ̀ wò."

"Torí pé ẹ ò gbọ́kàn lé ti àtijọ́ ni. Èyí, tuntun ni. A rò pé kò nílò ẹni tó máa ṣọ́ ọ."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko lo fi ń sọ fún mi pé ó ń bọ̀."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún gba ẹ̀rọ náà fún òwúrọ̀ kan. Òjò ti ṣú. Bọ̀dá wa katakata, obìnrin náà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú igi ṣóńṣó lọ́wọ́, ó ń wa ilẹ̀ wò. Ní ìlà karùn-ún, aago ké. Bọ̀dá dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ koríko kan tó há síbi tí irúgbìn ń gbà bọ́. Wọ́n gbìn ín tán kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ẹ̀rọ yín jẹ́ ti àná, bó sì jẹ́ èyí tí bàbá yín fi sílẹ̀, ẹ dán an wò lórí mítà mẹ́wàá kí ẹ tó wọ oko, kí ẹ sì ka hóró tó bọ́ sínú ilẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yá yín ohun tí ẹ̀rọ náà gbà àti ohun tí kò gbà, torí ohun tí ti àtijọ́ ń fara dà lè dí ti tuntun pa. Bí ó bá ké, ẹ dúró. Bí irúgbìn bá ṣẹ́kù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má tíì dúpẹ́, ẹ kọ́kọ́ wa ilẹ̀ wò. Kí ẹnì kan sì máa tẹ̀lé ẹ̀rọ lẹ́yìn nígbà gbogbo.

Ìlà mẹ́rìndínlógún tí wọ́n tún gbìn náà hù, ṣùgbọ́n ọmọ àgbàdo wọn kéré torí ó pẹ́ kí wọ́n tó gbìn wọ́n. Oúnjẹ tán nílé náà nígbà tí ìkórè tuntun ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọn ì bá fi wa ilẹ̀ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.