Ọwọ́ Onídìrí Ìkátẹ̀

Obìnrin tó wá wáṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù Fàúsátù kò béèrè iye tí wọ́n máa san fún un. Kò béèrè ọjọ́ ìsinmi. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń wo àwọn tó jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ìlú wo làwọn oníbàárà yín ti ń wá?"

Fàúsátù rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè ọlọ́pàá lèyí. Ó ní Ìkátẹ̀ ni wọ́n wà, kò sí irú èèyàn tí kì í gba ibẹ̀ kọjá: ọmọ onílẹ̀, ará ẹ́síteètì, ìyàwó bíríkìlà, àwọn tó ń lọ gbatẹ́gùn létí òkun. Obìnrin náà mi orí. Ó ní Fúnláyọ̀ lorúkọ òun, pé Sùlè ọkọ òun ń lẹ táìsì nílé tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ìbẹ̀jú, pé òun mọ irun dì.

Fàúsátù fi orí kan dán an wò. Kí oníbàárà tó jẹ gúgúrú ọwọ́ rẹ̀ tán, ṣùkú ti dúró lórí rẹ̀, ojú ìlà rẹ̀ tọ́ bí okùn tí bíríkìlà ta. Oníbàárà ní ọwọ́ ọmọbìnrin náà tutù bí omi àmù, pé ó dùn mọ́ òun nínú oòrùn yìí. Fúnláyọ̀ alára kì í ṣí gèlè lórí. Fàúsátù kò bi í léèrè. Alágbẹ̀dẹ ti ń rọ àdá fún ará ìlú, kó tó kan tirẹ̀.

Fàúsátù kì í ṣe ẹni tí àǹfààní ń kọjá lójú rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tó wà lójú títì ló ń gba àwọn oníbàárà ọlọ́kọ̀. Tirẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn àwọn káfíńtà. Ó pinnu pé fóònù ni yóò gbé ṣọ́ọ̀bù òun jáde sí títì. Ó ní kí Fúnláyọ̀ wá dúró kí òun ya fídíò rẹ̀ sórí Fesibúùkù àti Insitagíráàmù. Fúnláyọ̀ gbé òòyà sílẹ̀.

"Ojú mi ò gbọdọ̀ hàn, Àǹtí. Bí ará ilé mi bá rí mi, mi ò ní lè dúró mọ́. Sùlè náà ò ní rí mi mọ́."

Fàúsátù rò pé ọkọ àárọ̀ ló sá fún. Àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Lẹ́kí. Ó fi Ọlọ́run búra fún un. "Ọwọ́ rẹ nìkan ni màá yà. Ta ló ń tọwọ́ mọ èèyàn?"

Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn, onídìrí ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Fídíò náà tà. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Igbó Ẹfọ̀n bá jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán ni Fàúsátù máa ń gbé e jáde, nítorí ẹni tó ń jẹun ń wo fóònù. Bí èèyàn bá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kì í jẹ́ kó tutù kó tó dáhùn. Kò pẹ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ń pe ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́wọ́ tútù. Bí oníbàárà kan bá sì ní Òkè-Ògùn lòun ti wá, orí á fọ́ Fúnláyọ̀, á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Bí Sùlè bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ra ẹ̀pà dání, á dúró de ìyàwó rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má fi fóònù yín gba ìyàwó mi o."

"Fóònù yìí ló ń bọ́ yín lọ́kọláya," ni Fàúsátù máa ń dá a lóhùn. "Jókòó, jẹ ẹ̀pà rẹ."

Fúnláyọ̀ á rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ wọlé sábẹ́ fídíò tuntun. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọdúnjọ ló kọ ọ́. Ó ní ìyá òun rí ọwọ́ onídìrí yìí, pé ó fẹ́ kó bá òun dirí, níbo ni ṣọ́ọ̀bù wà? Fàúsátù fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó fi àwòrán òdòdó kan tì í. Ẹni tó ń tajà lórí fóònù kì í bi oníbàárà ní ìlú rẹ̀.

Orí Fàúsátù fúnra rẹ̀ ni Fúnláyọ̀ ń dì lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Fóònù wà lórí irin tó gbé e dúró, ó ń ya fídíò. Apá kan orí ti parí. Ọdúnjọ fa ìyá arúgbó kan wọlé lọ́wọ́. Ìyá náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ:

"Àwẹ̀ró."

Ọwọ́ tútù náà dúró nínú irun Fàúsátù.

"Àǹtí," ni ohùn kan wí létí rẹ̀, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀, "ẹ ò béèrè ìlú wọn."

Òòyà já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí Fàúsátù yíjú padà, kò sí ẹnì kankan. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì wà ní títì láti inú.

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọmọ òun ni, Ìgbẹ́tì làwọn sin ín sí. Ó ní ìlà tó ń yí lẹ́yìn etí nínú fídíò yẹn, òun lòun kọ́ ọ bó ṣe ń dì í. "Èmi ni mo jókòó láti di irun rẹ̀ ká tó sin ín. Ẹkún ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ìdajì orí ló gbé lọ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù ò dákẹ́ mọ́. Gbogbo orí tí Fúnláyọ̀ dì ló tú, nínú ọ́fíìsì, nínú mọ́ṣáláṣí, lórí kẹ̀kẹ́. Sùlè dé pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò sunkún. Ó ní kí Fàúsátù ṣáà fi ọwọ́ ìyàwó òun han òun nínú fídíò. Fàúsátù ṣí i. Irun ń di ara rẹ̀, kò sí ọwọ́ kankan nídìí rẹ̀. Sùlè gbé ẹ̀pà náà sórí àga, ó jáde, wọn kò rí i mọ́ ní Ìkátẹ̀.

Àwọn tó ń wo fídíò náà rò pé ọgbọ́n ìpolówó ni. Wọ́n pín in káàkiri, oníbàárà ya wá láti Ajah títí dé Ẹ̀pẹ́. Fàúsátù dá owó àwọn tí irun wọn tú padà, ó gba àwọn onídìrí tuntun, ó sì kó jáde sójú títì. Ẹ̀rù kò bà á. Iṣẹ́ ní í kó èèyàn yọ.

Apá orí Fàúsátù tí Fúnláyọ̀ dì nìkan ni kò tú. Òòyà kò ràn án, abẹ kò ràn án. Ní apá kejì, nígbà tó bá jí, á rí i pé ìlà tuntun ti kún un, tó tọ́, tó yí lẹ́yìn etí, orí rẹ̀ á sì tutù bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Èyí tó kù kò pọ̀ mọ́, òun náà sì ti di oníbàárà Fúnláyọ̀. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ó fi bí wọ́n ṣe ń dáhùn ọ̀rọ̀ lórí fóònù hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ìlú. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: bí irun bá ti parí, oníbàárà gbọ́dọ̀ dìde lórí àga.