Àdúrà Àkọ́bí

Oorun ni Àbáyọ̀mí ń sùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi la wà, ní ìjọ wa ní Ilo-Awela, ó sì gbé orí lé ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, níléeṣẹ́ irin. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ òru níléeṣẹ́ bisikíìtì, mo mọ bí oorun ṣe ń jíni gbé.

Ìtàn Rebeka ni Màmá tó jẹ́ olùkọ́ wa ń kọ́ wa, bó ṣe ran Jakọbu lọ́wọ́ láti tan Isaaki tí ojú rẹ̀ ti ṣú, kó lè gba ìre tó jẹ́ ti Esau.

"Àbáyọ̀mí, dìde. Kí lo rí kọ́ níbẹ̀?"

Ó dìde, ó nu ojú. "Ìbéèrè ni mo ní, Màmá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ló bá Esau jẹun?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a jáde, mo dúró dè é lẹ́nu géètì.

"Kò sẹ́ni tó bá a jẹun," ni mo sọ fún un.

Ó wò mí títí. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?"

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nídìí ìrẹsì àti ẹ̀wà tó ti tutù. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ìyá òun gan-an ni olùkọ́ yẹn. Ẹnu yà mí, torí Ìyá Láńre ni gbogbo ìjọ ń pè wọ́n.

"Àbúrò mi ni Láńre," ló wí. "Èmi ni àkọ́bí. Láti ìgbà tá a ti kó dé láti Ìkìrun ni Màmá ti ní kí àwọn èèyàn máa fi orúkọ Láńre pe àwọn."

Inú bí mi nítorí rẹ̀. Òun ò bínú. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u kí n tó dé.

Ọdún méjì la fi fẹ́ra. Bí mo bá ń wọṣẹ́, òun ń jáde. Nígbà míì, a ó kàn jókòó sí ibùdókọ̀ ní Sángò, màá gbé orí lé èjìká rẹ̀, a ó sì sùn lọ.

"Fẹ́yì mi," á ní, "tá a bá ṣègbéyàwó tán, oorun la ó kọ́kọ́ sùn."

Nílé wọn, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ gbéyàwó. Bàbá wọn, bíríkìlà tí ojú wọn ti fọ́, á gbé ọwọ́ lé ọmọ náà àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lórí, wọ́n á gbàdúrà, kí ẹbí tó lọ ṣe mọ̀ mí n mọ̀ ọ́. Àdúrà yẹn la ń dúró dè.

Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó wáyé ni Màmá pe Àbáyọ̀mí. "Bàbá rẹ ní kí Láńre ṣáájú. Àwọn òbí ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ń kánjú. Má bá Bàbá rẹ jiyàn o, ara wọn ò yá."

Kò jiyàn. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba yàrá sí Ìyànà Ìyẹsí. Láńre gbéyàwó. Oṣù ń gorí oṣù, Àbáyọ̀mí ò dé ilé wọn, kò sì dárúkọ ìgbéyàwó tiwa mọ́. Ọwọ́ Màmá ni fóònù Bàbá máa ń wà, torí náà Àbáyọ̀mí ò fẹ́ pè é.

"Mi ò lè mú ẹ lọ síbi tí wọn ò ti kà mí sí," ló máa ń wí.

Ọ̀rọ̀ náà wá sú mi pátápátá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo dá lọ bá Bàbá. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ara mi.

"Fẹ́yìsetán," ni wọ́n wí, "jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣe Àbáyọ̀mí? Ìyá rẹ̀ ní ó ránṣẹ́ pé òun ò fẹ́ àdúrà mi, pé kí n gbé e fún Láńre."

"Bàbá, kò ránṣẹ́ kankan. Màmá ní ẹ̀yin lẹ ní kí Láńre ṣáájú."

Màmá ń fọ àwo ní kíṣìnnì. A ò gbọ́ ìró àwo mọ́. Ẹni tó fi ìtàn Rebeka kọ́ wa ló lọ ṣe ohun tí Rebeka ṣe.

"Pe Àbáyọ̀mí wá," ni Bàbá wí fún mi.

Àbáyọ̀mí dé pẹ̀lú eruku irin lára. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á pariwo, àmọ́ ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ṣé àdúrà kan ṣoṣo lẹ ní ni?"

"Àdúrà ò tán, ọmọ mi. Èmi ló rẹ̀." Omi bọ́ lójú wọn. "Ó yẹ kí n ní kí wọ́n pè ọ́, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Mo bínú, mo jókòó tì í."

Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, a sì gbé orí wa sábẹ́ rẹ̀. Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún.

"Ẹ̀rù ló bà mí pé bí Láńre bá dúró, àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ á gba ọmọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ìwọ náà, Àbáyọ̀mí."

"Mo mọ̀, Màmá," ló dá wọn lóhùn. "Ìfẹ́ tèmi ló kàn kéré sí ti Láńre."

Màmá la ẹnu bí ẹni tó tún fẹ́ purọ́, irọ́ náà ò jáde. Bàbá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Màmá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n sì ń ṣe àmín sí i títí ohùn wọn fi há.