Fèrèsé Tí Adésọjí Kàn Pa

Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ Àìkú náà, Adésọjí káfíńtà kò dúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó kó òòlù àti ìṣó sínú àpò, ó di pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó sì kọrí sí Àpòmù láti Ìkirè.

Ìyá rẹ̀, Màmá Fẹ́yìsetán, ti lo ọjọ́ mẹ́ta nílé ìwòsàn kan níbẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló gbé wọn débẹ̀. Ilé àtijọ́ ni wọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ́ wọn sí. Àjà rẹ̀ ga, fèrèsé ńláńlá mẹ́rin wà lápá ọ̀tún, mẹ́rin wà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sì yí i ká. Lójú Adésọjí, àṣìṣe àwọn ará àtijọ́ ni. Ta ló ń kọ́lé aláìsàn, tí yóò jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn?

Àwọn ìyá ìjọ tó wá kí Màmá ti sọ ọ́ sí i létí. "Òtútù tó ń wọlé yìí ló ń dá wọn lóró. Ìwọ lo sì jẹ́ káfíńtà, o kàn ń wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dọ́kàn. Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kò sí nílé, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì ń gbẹ̀bí lọ́wọ́ nínú yàrá kejì. Adésọjí kan pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ fèrèsé apá ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ará ilé aláìsàn yòókù ti èyí tó kù pa, wọ́n sì fi aṣọ dí gbogbo àlàfo rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí i, ó rò pé Mátírọ́ọ̀nù ló pàṣẹ rẹ̀.

"Bọ̀dá Káfíńtà, Ọlọ́run á san án fún yín." Sàfúrátù ló sọ bẹ́ẹ̀, láti orí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí ti Màmá. Dòdò ló ń tà fáwọn arìnrìn-àjò ní Ìkirè. Ó ti wúkọ́ fún oṣù kan kó tó gbà láti wá sílé ìwòsàn. "Ẹ ò kúkú ní bá mi kan àpótí dòdò kan?"

"Kọ́kọ́ gbádùn ná. Dòdò tí o bá wúkọ́ sí, ta ló fẹ́ rà á?"

Sàfúrátù rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yàrá náà ti gbóná bí ilé búrẹ́dì. Màmá ò jẹun, wọn ò sì sùn. Mímí wọn ń wúwo sí i.

"Adésọjí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

"Ọ̀sán ti pọ́n, Màmá."

Ẹ̀rù bà á. Ó rò ó pé bí òun bá fi ìyá òun sílẹ̀ síbẹ̀, wọn ò ní rí ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Ó sáré jáde lọ pe ọkọ̀, kí ó lè gbé wọn kúrò. Bó ṣe ń padà bọ̀ pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà ni ó pàdé Mátírọ́ọ̀nù Olúkẹ́mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òṣogbo dé.

"Ibo lẹ ń gbé Màmá lọ?"

"Ìkirè ni, mà. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn ò lè wọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń lò."

"Ẹ ń sá fún òtútù, ẹ wá ń lọ bá ẹ̀rọ amúlétutù?"

Dẹ́rẹ́bà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mátírọ́ọ̀nù wọ inú wọ́ọ̀dù, ó dúró, ó wo ògiri.

"Ta ló kan eléyìí?"

Sàfúrátù gbójú sókè sí àjà. "Èmi ò rí ẹnì kankan o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni náà gún régé."

Mátírọ́ọ̀nù kò pariwo. Ó yíjú sí Adésọjí. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, bí wọ́n bá jó tùràrí nígbà tí gbogbo fèrèsé wà ní títì, ibo ni èéfín rẹ̀ ń gbà?"

"Orí wa náà ló máa ń dúró sí, mà."

"Bí ẹ bá wá ṣí fèrèsé tọ̀tún-tòsì ńkọ́?"

"Kì í pẹ́ tó fi ń jáde."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni èémí ẹni tó ń wúkọ́. Tùràrí ní òórùn, ẹ ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ò ní òórùn. Láti ọjọ́ Àìkú, ohun tí gbogbo yàrá yìí ń mí jáde ni Màmá ń mí sínú."

Adésọjí jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

"Nígbà tí oògùn ikọ́ ò tíì sí láyé," Mátírọ́ọ̀nù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ilé fúnra rẹ̀ wà lára ìtọ́jú. Àwọn dókítà àtijọ́ rí i pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sí yàrá tó há, àrùn kan ló ń gbé wá, méjì ló ń gbé lọ. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń kọ́ wọ́ọ̀dù tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọra, kí atẹ́gùn gba ibí wọlé, kó gba ọ̀hún jáde. Wọ́n gbé àjà sókè kí ooru lè gòkè. Wọ́n ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí aláìsàn lè yá oòrùn àárọ̀. Kì í ṣe oge."

"Òtútù wá ńkọ́, mà?"

"Ara aláìsàn ni à ń da aṣọ bò, a kì í da aṣọ bo ilé. Ẹ fún wọn ní bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀. Màmá ò sì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Ara tí kò rí oorun sùn, báwo ni yóò ṣe bá àrùn jà? Oògùn ló ń wo àrùn, ṣùgbọ́n ilé máa ń ràn án lọ́wọ́."

Adésọjí bẹ dẹ́rẹ́bà, ó ní kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ló fi òòlù kan náà fa ìṣó yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ilé aláìsàn yòókù yọ aṣọ tí wọ́n fi dí fèrèsé òdìkejì, wọ́n sì ṣí i. Bí pákó kejì ti jábọ́, atẹ́gùn fẹ́ kọjá láàárín wọ́ọ̀dù, gbogbo wọn sì mí kanlẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì Sàfúrátù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fún un ní ìbòmú, wọ́n sì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àti ti Màmá fún àyẹ̀wò.

Màmá yíjú sí fèrèsé. Igi ọsàn kan wà níta, ewúrẹ́ méjì ń jà lábẹ́ rẹ̀. Màmá ń wo àwọn ewúrẹ́ náà títí oorun fi gbé wọn lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni èsì dé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe Sàfúrátù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un ní oògùn rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé bí ó bá lò ó pé, yóò san. Kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára Màmá.

"A ó ṣì tún wọn yẹ̀ wò tó bá yá," ni Mátírọ́ọ̀nù wí, "ṣùgbọ́n mímí wọn ti já gaara."

Màmá béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Adésọjí, tí kò sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ wá, wá lọ sí ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá lọ tọ́jú aláìsàn, ẹ má ti fèrèsé pa mọ́ ọn. Ẹ da aṣọ bò ó, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn kàn án lára, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó yí ohunkóhun padà nínú wọ́ọ̀dù. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé méjì tó dojú kọra. Ọlọ́run tó fún wa ní èémí kò ta afẹ́fẹ́ fún wa. Ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ìṣó dá a padà.