Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Télọ̀

Afẹ́fẹ́ ṣàdédé kúrò lójú télọ̀ obìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ṣùgbọ́n koríko ẹ̀bá ọ̀nà ṣì ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Obìnrin náà gbójú sókè. Kẹ̀kẹ́ kan ti wà níwájú rẹ̀, kò sì gbọ́ ìgbà tó kọjá lára òun.

Ọkùnrin tó gùn ún wọ ẹ̀wù aláwọ̀ eérú. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni télọ̀ ń rí.

"Sún mọ́ mi," ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́, kò yíjú padà. "Jẹ́ kí táyà ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Èmi á máa gba afẹ́fẹ́ fún ẹ. Tó bá rẹ̀ mí, ìwọ náà á bọ́ síwájú. Bí àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa."

"Mo rí i. O jókòó bí ẹni tó jókòó sórí iná."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti pè é lórí fóònù láti ọsibítù tó wà lódìkejì òkè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, bíríkìlà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá dùbúlẹ̀, kò rí èémí mí dáadáa mọ́. "Ó ń béèrè ẹ. Tí o bá máa bá a láyé, máa bọ̀ lónìí." Kò sì sí epo nílùú, ọkọ̀ kankan ò rìn. Télọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó lọ yá kẹ̀kẹ́ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Télọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ lèyí o," onígbàjámọ̀ wí. "Kò ní dúró sójú kan fún ẹ."

"Ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀."

"Ó dáa. Ṣá má bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́, ibi tí orí ẹ̀ bá yí sí ni kẹ̀kẹ́ ń yà sí."

Òótọ́ ló sọ. Télọ̀ ti dán an wò kó tó jáde ládùúgbò, ìgúnpá rẹ̀ ṣì ń ta á.

Pápá tẹ́ lọ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì, kò sí igi, kò sí ilé. Bí wọ́n bá gun òkè kan tán, òmíràn á tún yọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọkùnrin yìí, ẹsẹ̀ télọ̀ fúyẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú. Ṣéènì tirẹ̀ ń dún, ti ọkùnrin náà kò dún rárá. Èémí rẹ̀ nìkan ló ń dún, ó sì ń le sí i láti òkè dé òkè, bí ìgbà tí omi bá há sínú páìpù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí ẹ sinmi díẹ̀?"

"Ta ló ń dúró dè ẹ́ níwájú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ara wọn ò yá."

Ọkùnrin náà tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ òkè.

"Ká máa lọ nígbà náà."

Nísàlẹ̀ òkè tó kẹ́yìn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó ti rẹ̀ mí. Bọ́ síwájú. Rọra fà mí gun èyí."

Bí télọ̀ ṣe ń kọjá lára rẹ̀, oòrùn ń ṣá a lójú, kò rí ojú ọkùnrin náà. Inú rẹ̀ dùn pé òun náà yóò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ti ṣe òun lóore. Ó tẹ kẹ̀kẹ́ tagbáratagbára.

"Rọra," ohùn náà wí.

Télọ̀ rò pé ó ń ṣàánú òun ni. Ó fi kún un.

"Rọ…"

Nígbà tó dé góńgó òkè, ṣéènì tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó fẹ́ wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ yà sí kòtò, ó sáré dá orí padà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbé e lọ. Ó ní ọkùnrin náà á bá òun tó bá yá.

Ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ jókòó sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lábẹ́ aṣọ náà, ẹsẹ̀ méjèèjì ń yí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

"Láti ọ̀sán ló ti ń ṣe báyìí," ìyá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, bíríkìlà, níbo lò ń lọ?"

"Kí ni wọ́n wí?"

"Kò dá mi lóhùn, àfi lẹ́ẹ̀kan, kò tíì pẹ́. Ó ní, 'Ó ti sáré jù. Mi ò rí ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́.'"

Télọ̀ wo aṣọ náà. Ẹsẹ̀ kan gbéra lábẹ́ aṣọ. Ó pẹ́ kí èkejì tó tẹ̀lé e.

"Ẹ jókòó tì wọ́n," nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wí. "Ó dáa kí wọ́n gbọ́ ohùn yín."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbí. Orí òkè ni mo fi wọ́n sí."

Nọ́ọ̀sì wo ìyá. Ìyá ò wo nọ́ọ̀sì.

"Lọ mú un wá," ìyá wí. "Tí ẹsẹ̀ yìí bá ṣì ń yí, ó ṣì ń bọ̀. Má sáré mọ́ o, ọmọ mi."

Oòrùn ti pọ́n nígbà tí télọ̀ padà dé góńgó òkè. Ó yí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀nà ọsibítù, ó fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, ó kọjú síwájú, ó dúró. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni èémí náà ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, títí ó fi dé ẹ̀bá èjìká rẹ̀. Ó ń run oògùn.

"O padà," ohùn náà wí.

"Ẹ má bínú. Ẹ tẹ̀lé mi. Mo máa rọra."

"Má wẹ̀yìn. Wàá ṣubú."

Ó di bíréèkì mú sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀: ọmọ yín ti ga jù mí lọ, ṣòkòtò tí ẹ ní kí n gé fún un ti kúrú. Ohùn náà ń dáhùn, "Hùn. Hùn." Bí wọ́n ṣe wọ ìlú tí ọsibítù wà, èémí náà rọlẹ̀. Kò le mọ́, kò há mọ́. Ó dà bí ti ọmọ tó sùn. Inú télọ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ara ẹ̀gbọ́n òun ti ń yá.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ó gbé ọwọ́ lé bíréèkì.

Láti ojú fèrèsé, igbe ìyá rẹ̀ jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì dá.

Èémí náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tiẹ̀ sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo wà lẹ́yìn ẹ."

"A ti dé."

"Rárá," ó wí, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé. "Máa wà á lọ."

Kí télọ̀ tó mọ ohun tí òun máa ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yí.