Yẹ̀pẹ̀ Orí Òkè, Ilé Inú Irà

Ìmìtìtì ilẹ̀ náà kò pẹ́ rárá, àmọ́ nígbà tó fi máa dákẹ́, ilé alájà mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ òkè ti là láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Ìyá Aránṣọ fa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn tó wó. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti kán. Ìyá Aránṣọ gbójú sókè wo àwọn ilé orí òkè. Fèrèsé kan kò fọ́ níbẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀ tiwọn ò mì ni?" ló bi ọlọ́pàá obìnrin tó wá ṣèwádìí.

"Ó mì, Màmá. Àmọ́ àpáta ni tiwọn. Irà tí wọ́n dí ni tiyín, bí ilẹ̀ bá sì mì díẹ̀, ilẹ̀ rírọ̀ á sọ ọ́ di ńlá, bí omi inú abọ́ tí wọ́n gbọ̀n. Ọkùnrin tó yẹ ilẹ̀ yìí wò kí wọ́n tó kọ́lé ló ní àpáta ni. Yẹ̀pẹ̀ tó kó fún ìjọba pé ibí lòun ti gbẹ́ ẹ rèé."

Yẹ̀pẹ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́. Ìyá Aránṣọ gbé ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kó tó jìn dé orúnkún, ẹrẹ̀ dúdú ti ń yọ omi.

"Irọ́ rẹ̀ nìyí! Ó tiẹ̀ ń rùn!"

Nírọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún, ohùn ọkùnrin kan ló gbọ́. "Màmá, ẹ panu mọ́. Ilé lè wó lu èèyàn lẹ́ẹ̀mejì."

"Ohùn ẹ ń gbọ̀n ju ilẹ̀ lọ," ni màmá fèsì. "Máa bọ̀, mo wà níbí."

Ọkùnrin náà kò wá. Nígbà tí ọlọ́pàá lọ sílé ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò, orí òkè ni wọ́n bá ilé náà. Kọ́ọ̀bù kan kò ṣubú nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ihò pupa kan wà lẹ́yìnkùlé, àmọ́ onílé ti bẹ́ gìjà gba orí ògiri, ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

Wọ́n lé e dé gáréèjì, Ìyá Aránṣọ tẹ̀ lé wọn. Ọlọ́pàá méjì kọjá lára aláìsàn kan tó fi aṣọ borí nínú bọ́ọ̀sì.

"Dírẹ́bà, jẹ́ ká lọ jàre!" ni aláìsàn náà kùn.

"Ohùn yẹn rèé!" Ìyá Aránṣọ jókòó digbí sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. "Gun orí mi kọjá!"

Ọwọ́ pálábá ọkùnrin náà ségi.

"Níbo lo ti kó yẹ̀pẹ̀ yẹn?" ni ọlọ́pàá obìnrin bi í ní àgọ́.

"Ẹ̀yìnkùlé mi."

"Kí ló dé?"

"Àwọn tó ń kọ́lé ò fẹ́ ná owó ìpìlẹ̀ jíjìn. Wọ́n fún mi ní nǹkan."

"Ilé mélòó?"

Ó wolẹ̀. "Mẹ́fà sí i."

Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti kó àwọn ará ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, tọmọdé tàgbà, tẹní tìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ tún mì. Méjì nínú àwọn ilé náà wó wòmù, eruku sọ lálá. Àwọn èèyàn dì mọ́ra wọn ní pápá, wọ́n ń ka ọmọ wọn, gbogbo wọn pé. Ìyá Aránṣọ gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Máa mì lọ!" ló pariwo. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́!"