Agolo Tí A Wé Aṣọ Mọ́ Lọ́rùn

Àfòpiná kan já sínú tíì ìyá àgbà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà. Ìyá àgbà kò rí i, nítorí ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ìgbà tí ètè rẹ̀ kan ìyẹ́ ló gbé ife sílẹ̀.

"Ojú-Mi," ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀, "ìgbà wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran sí tíì fún mi? Bí ọ̀fìnkìn yìí kò bá dí mi nímú ni, ǹ bá ti gbóòórùn rẹ̀."

Ojú-Mi ni ó sọ ọmọbìnrin náà, torí òun ló ń ka Bíbélì sí i létí, òun ló sì ń sọ fún un bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Gbogbo ilé bá a pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ojú-Mi, tó ń múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Àfòpiná fò jáde, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìdin ń rìn lórí àpò ìrẹsì. Òwú tín-ín-rín bí ilé aláǹtakùn ti so ìyẹ̀fun pọ̀ ṣùṣù.

"Ojú-Mi, iṣẹ́ rẹ lónìí nìyí. Gbogbo ohun tí ìdin bá ti wọ̀, kó o lọ sẹ́yìnkùlé kí o sun ún. Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ pákó, fi ọ̀bẹ ha gbogbo kọ̀rọ̀ tí wọ́n yé ẹyin sí, kí o ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹni tó ń pa èyí tó ń fò, tó fi ìdin sílẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú fi oògùn pa wọ́n, Màámi."

"Níbi tí a ti ń jẹun? Ó tì o. Fọ agolo ìyá àgbà náà, kí o dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Èmi á ra ìyẹ̀fun tuntun bọ̀."

Àwọn agolo yẹn ni ojú ìyá àgbà nínú ilé ìdáná. Èyí tí a wé aṣọ mọ́ lọ́rùn, ìyẹ̀fun ni. Èyí tí a so okùn mọ́, ṣúgà ni. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú, iyọ̀ ni. Ọwọ́ lásán ló fi ń mọ̀ wọ́n, ó sì ń se oúnjẹ ju ẹni tó lójú méjèèjì lọ. "Ọwọ́ mi kò ṣìnà rí," á wí, á rẹ́rìn-ín. Ohun mìíràn kan wà tí kì í yẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí ó máa fún àbúrò Ojú-Mi, tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Kì-í-Sinmi, kí òun má kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìbáà ṣe ìyẹ̀fun pípò tí kò tíì dé orí iná. "Ẹnu àgbà ni asẹ́ ọmọdé," á ní.

Ìyá lọ síbi iṣẹ́. Ìyá àgbà lọ sinmi, ọmọ kékeré sùn tì í. Ojú-Mi fọ àwọn agolo, ó sá wọn, wọ́n gbẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ̀bẹ tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ha pákó ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé. Àbùjá ni wọ́n ń pe ọmọ yìí nílé ìwé, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kò mọ ọ̀nà àbùjá rẹ̀.

"Kíláàsì wa ń gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá, ìwọ ń bá ìdin ṣèpàdé?"

"Màámi ní kí n ha gbogbo ẹ̀."

"Ṣé wọ́n á wá ka ojú ibi tí o ha ni?" Àbùjá fa ọ̀rá kan yọ nínú báàgì. "Oògùn kòkòrò tí bàbá mi ń bù sí ìdí àpò ọkà ní ilé ìkẹ́rùsí nìyí. Wọ́n ọn, tì í pa, ó parí."

Ètè Ojú-Mi fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ọmọ tó ń lọ sí pápá ti ń wọlé láti ojú pópó. Ó fi aṣọ bomú, ó wọ́n oògùn náà. Ó funfun bí ìyẹ̀fun. Bó ṣe ń wọ́n ọn lọ́wọ́ ni ọ̀rá fàya. Kó má baà dà sílẹ̀, ó nawọ́ sí agolo tó sún mọ́ ọn jù, ó da ìyókù sí i, ó sì dé e. Agolo tí a wé aṣọ mọ́ lọ́rùn ni.

"Tí mo bá dé, mo máa lọ dà á nù," ó wí.

"Kí ìyá àgbà tó yíra padà, a ti dé," ni Àbùjá dáhùn.

Eré náà parí sí ọ̀mì, wọ́n fi àkókò kún un. Àwọn méjèèjì kò kúrò lórí pápá.

Nígbà tí Ojú-Mi dé, àbúrò rẹ̀ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń sunkún. Ìyá àgbà wà nílẹ̀ ilé ìdáná, ó ń bì, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ìyẹ̀fun pípò sì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

"Ebi ń pa mí ni," ọmọ náà wí. "Wọ́n ní ìyẹ̀fun tuntun ti dé, kí n dúró kí àwọn tọ́ ọ wò."

Awakọ̀ takisí tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé wọn ló gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ìyá bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú òwú ìránṣọ ní èjìká. Dókítà ń béèrè léraléra pé, "Oògùn wo ló wà nílé? Ẹ sọ fún mi, torí ìtọ́jú ọ̀kan kọ́ ni ti èkejì."

"A kì í fi oògùn sílé," ìyá wí.

Àbùjá ti bá Ojú-Mi sọ̀rọ̀ kó tó wọ ọkọ̀: "Tí o bá dárúkọ mi, bàbá mi á pa mí. Àìsàn àgbà ni, má wulẹ̀ sọ nǹkan kan." Dókítà wò ó lójú. Ojú-Mi wolẹ̀. Dókítà padà sídìí aláìsàn bí ẹni tó ń ta ọfà sínú òkùnkùn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gba Ojú-Mi láyè kó wọlé. Ìyá àgbà táràrà, ó fi ọwọ́ wá ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ kàn. Ohùn rẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Ẹ má da ẹnikẹ́ni láàmú. Ọwọ́ mi ló ṣìnà lónìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ojú-Mi lára ju ẹgba lọ. "Ọwọ́ yín kò ṣìnà, Ìyá Àgbà. Èmi ni mo da oògùn sínú agolo yín." Ó sáré jáde lọ bá dókítà, ó jẹ́wọ́ tán, ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá Àbùjá fúnra rẹ̀ ló sáré gbé páálí oògùn náà dé, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Dókítà kà á, ó ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá àgbà dákẹ́.

"Ká ní a ti mọ̀ nígbà tí ẹ gbé e wọlé…" dókítà wí.

Ìyá Ojú-Mi kò nà án, kò bú u. Ó di orí òkú mú, ó ń ki ọwọ́ tó ti tutù: "Ọwọ́ tó ríran nígbà tí ojú kọ̀. Ọwọ́ tó po ìyẹ̀fun tí kò dà á nù. Ọwọ́ tó wẹ̀ mí, tó wẹ ọmọ mi. Ìyá mi, ó dìgbà."

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá kó oògùn àti agolo náà lọ. Síbẹ̀, àfòpiná tún ń fò nílé ìdáná. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ojú-Mi fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ó rí ìdin láàyè láàyè nínú ìsopọ̀ pákó níbi tí oògùn kò dé. Ó ha gbogbo rẹ̀, ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn. Iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ gbà ju àkókò bọ́ọ̀lù yẹn lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Iṣẹ́ tí a bá rán yín, ẹ ṣe é bí a ṣe rán yín. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè wí, torí òtítọ́ tó pẹ́ lọ́nà lè bá òkú nílé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìkánjú wa di ẹkún ẹlòmíràn.

Ìyá ti ra agolo mìíràn. Ojú-Mi ló wá aṣọ wé mọ́ ọn lọ́rùn, kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ń wé e fún. Bí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ fún Ẹnu-Kì-í-Sinmi, kì í jẹ ẹ́. Á na àwo náà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á máa wò ó lẹ́nu, títí yóò fi tọ́ ọ wò.